Bí Òbí Kan Bá Gbé Ọmọ Lọ Sókè Òkun Láìgbàṣẹ Ẹnìkejì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìjọra)

 

Bí a bá ti ní ọmọ òrukàn, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí òbí wọn méjèèjì wà láàyè, tí wọn kò sì rí ọ̀kan mọ́, nítorí pé èkejì ti gbé wọn sá lọ. Láti Ìjọra níbí dé Mile 2 kò tó nǹkan. Ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ń pèrò níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì dé Kùtọnù lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ síbi tó wù ú.

Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Hague ní 1980. Ó ní bí òbí kan bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò ní ilẹ̀ tó ń gbé láìjẹ́ pé ẹnìkejì fọwọ́ sí i, kí wọ́n tètè dá a padà, kí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ náà pinnu ẹni tí yóò tọ́ ọ. Bìrìtéènì wà nínú rẹ̀. Mòrókò wọ̀ ọ́ ní 2010, Pakistan ní 2016, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé tàwọn Kìrìsìtẹ́nì ni. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, agbẹjọ́rò ni a óò wá ní ilẹ̀ tí ọmọ wà, kí adájọ́ ibẹ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé kí a dènà rẹ̀ kí ọmọ tó kúrò. Ìmígíréṣọ̀n máa ń béèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí fún páásípọ́ọ̀tù ọmọdé, nítorí náà ẹ má fọwọ́ sí lẹ́tà tí ẹ kò kà. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ìrìnàjò, ẹ lọ sí Family Court tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 gbé kalẹ̀. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí ọmọ má kúrò, kí a sì mú àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, kí ó lọ sí Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó, tàbí Legal Aid Council.

Àwọn tó wà ní Bìrìtéènì, òfin wọn ti 1984 ka irú ìwà yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Kí wọ́n pe ọlọ́pàá kí ọkọ̀ tó gbéra. Yìgì tí a so ní Lọ́ńdọ̀nù láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn sọ bẹ́ẹ̀ ní 2020. Kí bàbá tó gbára lé irú yìgì bẹ́ẹ̀ rí i pé orúkọ òun wà nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ. Láti Oṣù Kejìlá 2003, ìyẹn ló ń fún un lẹ́tọ̀ọ́.

Àwọn kan ń sọ fún wa pé bàbá ló lọmọ, pé kò sẹ́ni tí í jí ohun tirẹ̀. A kò gbà. Àwọn onímọ̀ Màlíkì, tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀ lé, fi ìtọ́jú ọmọkùnrin sọ́wọ́ ìyá títí yóò fi bàlágà, ti ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Wọ́n sì fún bàbá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ bí ìyá bá fẹ́ kó ọmọ lọ tẹ̀dó sí ìlú jíjìn. Sūratul-Baqarah, āyà 233, kọ̀ kí a fi ọmọ ni èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lára.

Ẹ̀yin olùtọrẹ béèrè bóyá sàká lè san owó ẹjọ́ yìí. Bí òbí náà bá jẹ́ tálákà, tàbí tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó wà lára àwọn ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Bí kò bá sí lára wọn, ẹ jẹ́ ká mú un nínú sààráà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn, kí ó mú ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí a tó tú ká.