Ẹ̀ṣọ́ Iwájú: Wíwá Ọmọ Síngbọnlẹ̀ fún Bọ́ọ̀lù Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ dá lórí irú ọmọ kan tí kò ṣòro láti rí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìbáà ṣe ní Àkúrẹ́, ìbáà ṣe ní Oǹdó. Ọmọ náà ga ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Bàtà kì í bá a mu. Bí ó bá jókòó, àga a máa ké. Lọ́jọ́ eré ìdárayá, irin ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́ pé kí ó jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbà pé ó lè sáré. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, wọn a fi í sẹ́nu ilé, ìyẹn bí wọ́n bá tilẹ̀ rántí rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yunifásítì kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń wá irú ọmọ yìí lójú méjèèjì, tí wọ́n sì ṣe tán láti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, owó ilé tí yóò gbé àti owó oúnjẹ tí yóò jẹ. Níbi tí irú èrè bẹ́ẹ̀ bá sì wà, gbájúẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, nítorí pé ọwọ́ olùkọ́ ni ìwé tí yóò gbé ọmọ dé ọ̀hún ti ń jáde.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù náà ṣe ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ènìyàn 11 ni ó máa ń wà lórí pápá fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ìhà kan, márùn-ún nínú wọn a tò sí iwájú gan-an, wọn a lóṣòó, wọn a kọjú sí ọ̀tá. Ẹni tí ó wà láàárín ni ó ń gba abẹ́ itan rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹ̀yìn. Méjì wà lọ́tùn-ún rẹ̀, méjì wà lósì. Iṣẹ́ wọn kò ju méjì lọ: kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì la ọ̀nà fún ẹni tí yóò gbé e sáré. Òfin eré náà kò fún wọn láyè láti lọ máa gba bọ́ọ̀lù tí a jù síwájú bí àwọn yòókù. Nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀wù wọn, láti 50 títí dé 79, ni adájọ́ fi ń dá wọn mọ̀. Ènìyàn lè fi ọdún mẹ́rin ṣe iṣẹ́ yìí ní yunifásítì kí ó má gba góòlù kan ṣoṣo wọlé. Ọjọ́ tí ó bá ṣe àṣìṣe ni àwọn èrò ìwòran yóò tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Kí ni a ó máa pè wọ́n ní Yorùbá? Ẹni tí ó bá yára lè sọ pé adènà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò dára tó. Adènà ni Yorùbá ń gbàdúrà pé kí òun má ṣe pàdé. Iṣẹ́ ìkà ni tirẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń là á fún ará ilé. Ẹ̀ṣọ́ ni orúkọ tí ó bá wọn mu. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, 70 ni ìtàn sọ pé àwọn Ẹ̀ṣọ́ jẹ́, ohun tí a sì mọ̀ wọ́n mọ́ ni pé wọn kì í kọ ẹ̀yìn sí ogun. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá sọ méjì nínú àwọn márùn-ún náà, ẹ̀ṣọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ bí ogun Yorùbá ti ń tò, tí Balógun wà láàárín, tí Ọ̀tún àti Òsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní í pẹ́ kí ètò eré náà tó yé e. Ẹ̀ṣọ́ ìpẹ̀kun òsì ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù ni ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú. Bí wọ́n bá ti yíra padà láti jù ú, òsì ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tó ẹ̀yìn ara rẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni yóò fi ríran.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo pé ọ̀wọ́n ni ọmọ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n ẹ̀ṣọ́ iwájú tí ó ti gbó máa ń tó kílò 136, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ni kò pé mọ́. Gíga rẹ̀ a máa súnmọ́ mítà méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ sísanra ni, ó ṣìnà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò bá yá nílẹ̀, bí kò bá lè tẹ orúnkún kí ó sì máa rìn níbùú láìfi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, kò sí ohun tí ara ńlá lè ṣe fún un. Àwọn tí wọ́n mọ gídígbò kò ní í ṣòro fún láti lóye èyí. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ó bá nàró ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀. Ẹni tí ó bá lóṣòó, tí ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sí àyà ẹnìkejì, òun ni ó ń darí rẹ̀. Ọwọ́ gígùn tún ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ara ọ̀tá ni ó ní ìjà. Nítorí náà, ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó gbọ́n ti ń wá ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe orí pápá bọ́ọ̀lù nìkan. Ó ń wo àwọn tí ń ju irin, ó ń wo àwọn tí ń jàkadì, ó sì ń wo àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tí ó wọn kílò 110 lè wù ú ju ẹni tí ó ti wọn 150 lọ, bí eegun rẹ̀ bá fi hàn pé ó ṣì ń dàgbà. Wọn a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan láìgbé e wọ pápá, kí ó máa jẹun, kí ó máa gbé irin, kí ó sì máa kọ́ eré náà.

Àkúrẹ́ kò ṣàì ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ade Aruna, ọmọ Àkúrẹ́, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ La Lumiere ní ìpínlẹ̀ Indiana nítorí bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti gbà á lọ́wọ́ apẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Tulane ní New Orleans, nígbà tí ó sì di ọdún 2018, ẹgbẹ́ Minnesota Vikings yàn án ní ipele kẹfà. Ìhà kejì ni ó ń gbá, ìyẹn ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú ni ó ń bá wọ̀dí ìjà. Kí ọdún náà tó lọ jìnnà, orúnkún rẹ̀ ṣèṣe. David Onyemata, tí a bí sí Èkó, dé Yunifásítì Manitoba ní Kánádà láìmọ ohunkóhun nípa eré yìí. Ní 2016, New Orleans Saints mú un. Ṣáájú wọn, Christian Okoye ti kúrò ní Enugu lọ sí Yunifásítì Azusa Pacific ní California nítorí pé ó mọ àwo jù. Àwọn ará ibẹ̀ wò ó, wọ́n rí i pé ara yìí kò yẹ kí ó parí sórí àwo, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ní 1989, kò sí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jù ú lọ láàárín gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ eré náà.

Ti Olumuyiwa Fashanu ni ó bọ́ sí ojú ọ̀rọ̀ gan-an, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ìpẹ̀kun òsì ni. Maryland ni wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ kò sì nílò àlàyé níwájú Yorùbá. Lẹ́yìn eré ọdún 2022 ní Penn State, àwọn amòye ń sọ pé bí ó bá jáde, owó ńlá ń dúró dè é. Kò jáde. Ó padà sí kíláàsì, ó gbá eré ọdún kan sí i, ní 2024 ni New York Jets sì fi ipò kọkànlá mú un. Òbí tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó máa dúpẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìwé. NCAA ni àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀. Kí ọmọ tó lè gbá eré ní ipele àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ pàtàkì 16 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama: Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́rin, ìṣirò ọdún mẹ́ta, sáyẹ́ǹsì ọdún méjì, àti àwọn mìíràn. Àròpọ̀ máàkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 2.3 lọ. Láti 2023 ni wọ́n ti yọ ìdánwò SAT kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, èyí sì túbọ̀ sọ ìwé máàkì ilé-ẹ̀kọ́ di ohun ńlá. Wọ́n tún ń ka ọdún. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọ ọdún kẹsàn-án ẹ̀kọ́, tí í ṣe JSS 3 ní ilẹ̀ yìí, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún un láti kọ́ àwọn iṣẹ́ náà tán.

Níbí ni àwọn alárinà ti ń ba nǹkan jẹ́. Alárinà a wọ ìlú, a rí ọmọ gíga kan ní ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, a tọ àwọn òbí rẹ̀ lọ ní Oǹdó pé yunifásítì ti gbà á. A gba owó físà, a gba owó ìwé, a gba owó ìmọ̀ràn. A ní kí wọ́n gé ọdún mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó sì tún padà sí SS 2 ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Wàyí o, ìwé JSS ti fi ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ hàn, èsì WAEC sì ṣeé yẹ̀ wò láti ibikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ tí wọ́n pa kí ọmọ lè dà bí ọ̀dọ́ ni yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó fọwọ́ sí ìwé kejì? Olùkọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé àánú ni àwọn ń ṣe.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ìwé ẹ̀bùn náà a máa sọ iye tí yunifásítì yóò san àti iye ọdún tí yóò fi san án. Lẹ́tà ìfọwọ́síwèé ti gbogbogbòò tí àwọn ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fagi lé e ní ipele àkọ́kọ́ láti oṣù kẹwàá 2024. Alárinà tí ó bá ṣì ń gbé e kiri, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i. Kì í ṣe gbogbo ipele ni ó sì ń fúnni ní ẹ̀bùn. Àwọn yunifásítì ipele kẹta kò ní í san kọ́bọ̀ nítorí eré ìdárayá. Láti oṣù keje 2025 ni àwọn yunifásítì ńlá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti máa san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tààrà, ìròyìn yìí sì ti dé etí àwọn ọmọ wa. Ohun tí kò dé etí wọn ni pé òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ dín iṣẹ́ tí àlejò lè ṣe gbowó kù, tí ọmọ Nàìjíríà fi lè jókòó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń gba owó kí òun má sì lè gbà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara. Mike Webster ni ẹni àárín fún Pittsburgh Steelers láti 1974. Ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbà á nígbà tirẹ̀. Ọdún 17 ni ó fi ń fi orí sọ orí. Nígbà tí ó kú ní 2002, ẹni 50 ọdún ni, ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú, kò sì ní ilé tí ó ń gbé mọ́ nígbà mìíràn. Dókítà tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò, ọmọ Nàìjíríà ni: Bennet Omalu, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà. Omalu gé ọpọlọ náà wẹ́wẹ́, ó wò ó, ó sì rí àrùn tí ìkọlù orí lemọ́lemọ́ ń fà. Ní 2005 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn dókítà àjọ tí ń ṣàkóso eré náà ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó kọ̀. Kì í ṣe ìṣubú ńlá kan ni ó ba ọpọlọ Webster jẹ́, bí kò ṣe ìkọlù kéékèèké tí ẹ̀ṣọ́ iwájú ń gbà ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Kílò 136 náà tún ń béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkàn àti orúnkún nígbà tí eré bá parí. Nítorí náà, bí òbí bá ń béèrè ẹni tí yóò san owó ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ó béèrè pẹ̀lú ẹni tí yóò san owó dókítà, àti bóyá ẹ̀bùn náà yóò dúró bí orúnkún bá ṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì máa ń wà nínú ìwé tí yunifásítì fi ránṣẹ́. Ojú ìwé tí alárinà kì í sábà ṣí han ẹnikẹ́ni ni ó máa ń wà.