Nígbà Tí Àlejò Bá Lọ Tán

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ni ti ìlú tí ó gba àlejò eré ìdíje ńlá, àti ohun tí ó ń fi pápá àti ilé tí ó kọ́ ṣe nígbà tí eré bá tán.

A mọ ẹni tí ó yá owó ṣe òkú bàbá rẹ̀: ìlù dún lọ́jọ́ kan, gbèsè sì di ogún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, tí ó gba àlejò Òlíńpíìkì ní 1976. Ọdún 2006 ni wọ́n tó san gbèsè pápá náà tán.

London ronú ṣáájú. Ní 2009, ọdún mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ohun tí yóò kù. Ilé eré bọ́ọ̀lù tí a ń jù sínú agbọ̀n, bí àtíbàbà ni wọ́n ṣe pa á. Eré tán, wọ́n tú u. Ibùwọ̀ àwọn eléré di ilé 2,818, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì wà fún àwọn tí agbára wọn kò ká owó ilé ìlú náà. Pápá ńlá nìkan ni wọn kò bá ẹnìkan pinnu lé lórí pátápátá kí wọ́n tó kọ́ ọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù West Ham yóò fi wọ ibẹ̀ ní 2016, àtúnṣe rẹ̀ ti gba owó tí ó lé ní 300 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Èyí tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ ni ó jẹ wọ́n níyà.

Nílé wa ńkọ́? Pápá Súrùlérè ni a fi gba àlejò eré gbogbo Áfíríkà ní oṣù Kìíní 1973. Níbẹ̀ ni a ti fi góòlù mẹ́ta sí òdo borí Àlìjíríà ní 1980. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín. Ìjọba kó lọ sí Àbújá ní 1991, pápá kò sì lè bá a lọ. Lẹ́yìn 2004, ọ̀pọ̀ ọdún ni koríko fi jọba níbẹ̀.

Abẹ́òkúta gba àlejò eré ìdíje gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Karùn-ún 2025. Ẹ̀yin Ìjòyè tí ẹ ti ibẹ̀ wá, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èló ni a sì yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún òrùlé tí yóò jò?