Ìyìn Àná Kì í Ja Ìjà Òní

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn Duane Bobick, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Amẹ́ríkà, fún yín.

Ní ọdún 1971, ó na Teófilo Stevenson, ọmọ Kúbà. Nítorí náà, ní Òlíḿpíìkì ọdún 1972 ní ilẹ̀ Jámánì, wúrà ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń retí. Stevenson kan náà ni ó tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, Stevenson lù ú títí rẹfirí fi dá ìjà dúró. Stevenson ni ó gba wúrà.

Bobick wá ń jà fún owó. Ó ja ìjà 38, ó borí nínú gbogbo rẹ̀. Ìrètí tún sọjí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1977, Ken Norton gbé e lulẹ̀; ìjà parí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bobick kò jẹ ọba ẹ̀ṣẹ́ láyé rí.

A kò fi í ṣẹ̀sín o. Nínú ìjà 52, ó borí nínú 48. Ṣùgbọ́n ẹni tí a nà lánàá lè kọ́ ọgbọ́n sí i.

A ti rí àgbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí, tí ó fi kọ́ ara ògiri, tí kò kàwé mọ́. Kò pẹ́, ó tún ń bẹ ọmọdé kí ó bá òun ka lẹ́tà. Ẹ má jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ máa ka ojú ewé kan lójoojúmọ́.