Ọkọ̀ Sánmà Columbia

Ní ọdún 1981 ni Columbia, ọkọ̀ sánmà àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń lọ tí ń bọ̀, kọ́kọ́ gbéra. Lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ tí ń rù ú kì í rìn ju máìlì 1 lọ ní wákàtí kan. Lókè, nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ni ó fi ń yí ayé po.

Ní January 2003, bí ó ti ń gbéra, ègé ìbòrí àgbá epo já, ó sì dá ihò sí apá òsì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya àwòrán ibẹ̀; àwọn ọ̀gá kò gbà. Nígbà ìpadàbọ̀, ooru gba ihò náà wọlé. Ọkọ̀ fọ́, ènìyàn 7 sì kú.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà máa gbọ́ ti ọmọ iṣẹ́.