Ẹ̀rọ Tó Ń Bímọ Owó

Ní 2016, MMM ṣèlérí èrè 30% lóṣù. Kérésìmesì ku díẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ní 2025, CBEX ní kọ̀ǹpútà tó ń ronú bí èèyàn ló ń bá wa ṣòwò, owó yóò di méjì lóṣù kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, ó ti parí. Ní Ìbàdàn, àga ọ́fíìsì làwọn kan rí gbé.

Ẹ gbọ́ ná: bí ẹ̀rọ bá mọ owó í bí, kí ló fẹ́ fi tiwa ṣe? Owó ẹni tuntun ni wọ́n fi ń san tẹni àtijọ́. Ìyá oníṣu l'Ọ́fà mọ ẹni tó ń ra iṣu òun. Òwò tí a ò bá ti rí oníbàárà, àwa gan-an lọjà.