Ìrun Tí A Kò Kí, Àwẹ̀ Tí A Kò Gbà: Gbèsè Tó Ṣeé San Ni

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà)

  Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ Onígbàgbọ́, ẹ má ṣe dìde lọ o. Ní Àkókó níhìn-ín, agbo ilé tó ní ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tó sì ní ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ púpọ̀, a sì jọ ń jẹun ọdún ara wa ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tí à ń pè ní gbèsè.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa máa ń bi ara wọn lábẹ́lẹ̀ bí oṣù Ràmàdáánì bá ti ń súnmọ́ tòsí. Ẹnìkan á ní, "Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti pa ìrun tì, ó ti tó ọdún mẹ́wàá, ṣé ó tún kù?" Ẹlòmíràn á ní, "Àwẹ̀ ọdún mẹ́ta ni mo jẹ, n kò tilẹ̀ lè kà á mọ́." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti pinnu nínú ara wọn pé ọ̀rọ̀ àwọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọn kì í sì í dé ìtòsí mọ́ṣáláṣí mọ́ àfi lọ́jọ́ Iléyá. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á sọ ọ́ ní gbangba. A kì í ṣe àlùfáà. Ohun tí àwọn àlùfáà fi kọ́ni ní ilé-kéwú ni a fẹ́ fi rán ara wa létí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá díjú ju èyí lọ, kí ó tọ àlùfáà àdúgbò rẹ̀ lọ.

Ohun kìíní tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé ìlẹ̀kùn túúbá kò tíì tì. Súrà kọkàndínlógójì nínú Àlùkùránì, ní ẹsẹ 53, kọ̀ fún ẹni tó ti ṣẹ̀ láti sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Hádíìsì sì sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tó pa ènìyàn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, tó wá ń wá ẹni tí yóò sọ fún un bóyá òun ṣì lè ronú pìwà dà. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi ní kò ṣeé ṣe, ó sì pa onítọ̀hún náà, iye wọn pé ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kejì jẹ́ onímọ̀. Òun ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí ó kúrò ní ìlú búburú tó ń gbé, kí ó lọ bá àwọn ẹni rere. Ojú ọ̀nà ni ọkùnrin náà kú sí, Ọlọ́hun sì gbà á, nítorí pé ó ti kọjú síbi tó dára. Bí ti ẹni tó pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹni tí iṣẹ́ alẹ́ mú kó pa ìrun tì ń sá fún?

Ṣùgbọ́n túúbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Imam Nawawi, onímọ̀ ilẹ̀ Síríà tó kú ní ọdún 1277, to májẹ̀mú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìkíní, kí á jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ìkejì, kí ó dùn wá pé a ṣe é. Ìkẹta, kí á pinnu pé a kò ní padà sí i. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, ìkẹrin wọ̀ ọ́: kí á dá ẹ̀tọ́ onítọ̀hún padà fún un.

Ìwé kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-kéwú ń kà ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ Hausa, ìwé Al-Akhdari, ọmọ ilẹ̀ Algeria tó gbé ayé ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Kí ó tó kọ́ ọmọdé ní àlùwàlá, ọ̀rọ̀ túúbá ló kọ́kọ́ mú wá. Ó sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń sọ pé ọjọ́ tí Ọlọ́hun bá fi ọ̀nà mọ òun ni òun yóò ronú pìwà dà; ó ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àmì oríburúkú. Ẹ jẹ́ kí á wo ìyẹn dáadáa, nítorí ó pọ̀ lẹ́nu àwa òṣìṣẹ́: "Bí mo bá ti fẹ̀yìntì, n ó ráyè gbọ́ ti Ọlọ́hun." Ọ̀gá máa ń kọ ìwé ìfẹ̀yìntì síni kí ọjọ́ tó pé. Ikú kì í kọ tirẹ̀ síni.

Ó wá ku sísan. Ìrun márùn-ún ní àkókò tirẹ̀, èyí tí súrà kẹrin, ẹsẹ 103, fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí oorun gbé lọ tàbí tó gbàgbé, ìgbà tó bá jí tàbí tó bá rántí ni kí ó kí i, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, pàápàá kò ráyè kí ìrun Àlàásárì lásìkò nígbà Ogun Kòtò ní Mẹ̀dínà ní ọdún 627, nítorí àwọn ọ̀tá kò fún wọn láyè. Lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ ni ó kí i, kí ó tó kí Magaribi.

Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ìrun tì ńkọ́? Ibí ni ẹnu àwọn onímọ̀ kò ti kò. Mádíábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan ti Imam Malik tí à ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wa, ní dandan ni kí ó san án, kí ó sì ṣe túúbá lé e lórí. Ibn Hazm ilẹ̀ Andalus, tó kú ní 1064, àti Ibn Taymiyya ilẹ̀ Síríà, tó kú ní 1328, ní ìrun tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa tì kò ṣeé san mọ́. Túúbá tòótọ́ àti ọ̀pọ̀ nàfílà ni onítọ̀hún yóò fi tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí bá ẹnìkejì jà ní mọ́ṣáláṣí. Ìhà méjèèjì fẹnu kò pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, wọ́n sì fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jókòó tẹtẹrẹ.

Àwa tí a jẹ́ ti Màlíkì, ìwé Al-Akhdari ti là á fún wa bí a ó ṣe san án. Ẹni tó bá ń san ìrun ọjọ́ márùn-ún lójoojúmọ́, a kò lè pè é ní aláìbìkítà. Àwọn onímọ̀ Màlíkì mìíràn ní ọjọ́ méjì lójúmọ́ náà tó. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó àjẹsílẹ̀. Ọdún Mùsùlùmí kan jẹ́ nǹkan bí 354 ọjọ́. Ọdún mẹ́wàá jẹ́ 3,540 ọjọ́. Ẹni tó bá ń san ọjọ́ márùn-ún lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ ní ọdún méjì. Ẹni tó bá ń san ọjọ́ méjì yóò parí rẹ̀ ní ọdún márùn-ún. Gbèsè ọdún mẹ́wàá tí a rò pé kò ní tán láé, ọdún márùn-ún ni. Ta ni nínú wa tí kò tíì yá owó ọdún márùn-ún rí? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹni tí kò mọ iye tó jẹ, kí ó san án títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀ pé kò kù. Kò sí wákàtí tí a kò lè san án, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru. Èyí tó bọ́ nígbà tí a wà nílé, bó ṣe wà ní pípé ni a ó san án. Èyí tó bọ́ lójú ìrìn-àjò, bíi ti àwọn awakọ̀ wa tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Èkó, ráká mẹ́rin rẹ̀ di méjì, kódà bí ilé la ti ń san án. Àwọn tó jẹ irú ìrun kan náà sì lè dúró pọ̀ san án ní jámáà. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni èyí? Ẹni márùn-ún tó jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí Àsùbáà ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́, lè jọ mú ara wọn lọ́kàn le.

Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ gbọ́. Ìwé náà kò gba ẹni tó jẹ ìrun láyè láti máa kó nàfílà jọ, àfi díẹ̀ bíi Witiri, ráká méjì àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrun ọdún méjèèjì. Kò yọ ìrun alẹ́ Ràmàdáánì sílẹ̀. Ẹni tó jẹ owó ìlú kì í fi owó ọwọ́ rẹ̀ ṣe sàráà káàkiri. Bí wọ́n bá dìde fún tarawíì, ẹni tó jẹ gbèsè lè fi àkókò náà san gbèsè.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù kò jẹ gbèsè kankan. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bida ń kógun wọ Àkókó, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, títí Bida fi ṣubú sọ́wọ́ Royal Niger Company ní oṣù kìíní ọdún 1897. Láyé ìgbà náà ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ mọ ẹ̀sìn yìí, tí àwọn mìíràn sì gbà á nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ìsìláàmù pa ohun àtẹ̀yìnwá rẹ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n san ìrun ogójì ọdún.

Àwẹ̀ ńkọ́? Súrà kejì, ẹsẹ 184 àti 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láti jẹ ẹ́, kí wọ́n san án ní ọjọ́ mìíràn. Àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù yóò san àwẹ̀, wọn kò ní san ìrun. Ẹni tó bá jáfara títí Ràmàdáánì mìíràn fi bá a, tí kò sì ní àwíjàre, yóò san án, yóò sì fi oúnjẹ ẹ̀kún ọwọ́ méjì bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án Ràmàdáánì láìnídìí, gbèsè rẹ̀ wúwo ju ti oníkálukú lọ: yóò san ọjọ́ náà, yóò sì ṣe kafara, nípa bíbọ́ ọgọ́ta tálákà tàbí gbígba àwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ẹni tí iṣẹ́ agbára ń ṣe, kò gbọdọ̀ jí ní òwúrọ̀ kó sọ pé òun kò gbà á. Yóò gbé e dìde pẹ̀lú àníyàn. Bí ó bá rí i pé ẹ̀mí òun ń bọ̀ nínú ewu, nígbà náà ni yóò tú u, yóò sì san án.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974 ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 38, dáàbò bo ẹ̀sìn olúkúlùkù. Ìrun Àílà kò gba ìdajì wákàtí. Bí ọ̀gá kan bá dí yín lọ́wọ́, aṣojú òṣìṣẹ́ ni kí ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá bá; ẹ má ṣe pa ìrun tì kí ẹ sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ń lọ kírun kí ẹ wá lo wákàtí méjì ní ìdí ayò. Àkókò iṣẹ́ tí a jí, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn yìí ni a fi fẹ́ parí, nítorí òun ló le jù. Ìrun àti àwẹ̀, láàárín àwa àti Ọlọ́hun ni. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a yá tí a kò san, orúkọ tí a fọwọ́ sí fún ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́, òṣùwọ̀n tí a rẹ́ jẹ ní ọjà Osele, ogún ọmọ òrukàn tí a há mọ́wọ́: kò sí háàjì tó ń pa ìyẹn rẹ́. Ànábì sọ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nípa ẹni tí yóò dé lọ́jọ́ ìdájọ́ pẹ̀lú ìrun, àwẹ̀ àti sàká rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti bú ẹni yìí, tó ti jẹ owó ẹni tọ̀hún. Wọn yóò máa pín iṣẹ́ rere rẹ̀ fún wọn títí yóò fi tán, wọn yóò sì di ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn rù ú. Ìyẹn ni ó pè ní ẹni tó wọko gbèsè ní tòótọ́.

Nítorí náà, bí olówó bá wà láàyè, ẹ lọ bá a. Bí ó bá ti kú, ẹ fún àwọn àrólé rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ fi ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀. Bí owó kò bá sì sí lọ́wọ́, ẹ bá akọ̀wé owó ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ dá iye tí ẹ ó máa san lóṣooṣù. Sísá fún olówó kì í dín gbèsè kù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má dúró de Ràmàdáánì. Àlàásárì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlùwàlá, kí á kí ti òní, kí á sì san ọ̀kan nínú ti àná. Kí Ọlọ́hun gba túúbá wa.