Ìpalára Inú Ọmọdé: Iṣẹ́ Abẹ Tàbí Ìṣọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé Enugu

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Ibi yòówù tí a bá tẹ̀dó sí, ọmọ a máa jábọ́ lórí igi máńgòrò, alùpùpù a sì máa gbá ọmọ.

Láyé àtijọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nínú ikùn ọmọ, iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ̀yà kan wà lábẹ́ ìhà òsì tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Bí ó bá ya, wọ́n a yọ ọ́ sọnù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1952, King àti Shumacker ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àrùn líle ń kọlu àwọn ọmọ ọwọ́ tí a yọ tiwọn, nítorí ẹ̀yà yìí a máa bá kòkòrò àrùn jà, títí kan ti ibà tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1968, Upadhyaya àti Simpson ní Toronto fi hàn pé ó lè jinná láìfi abẹ kàn án.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní òun kò tíì ní la inú ọmọ, kì í ṣe pé ó pa á tì. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ kì í ṣe ìjókòó lásán. Ilé-ìwòsàn ni ọmọ yóò wà, tí wọn yóò máa yẹ ìlù ọkàn àti ikùn rẹ̀ wò tọ̀sán tòru, tí ẹ̀jẹ̀ àti oníṣẹ́ abẹ yóò sì wà nítòsí. Bí ìfun bá lu, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, kí a má jiyàn: abẹ ló kù.

Ẹni tó gbé ọmọ sílé, tó ń fi òróró ra á níkùn, kò ṣọ́ ọmọ. Ẹ má tẹ ikùn náà, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ gbé e lọ kíákíá. Bí ọmọ bá ṣubú, tó ń ké pé èjìká òsì ń dun òun, ẹ fura: ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ inú.

Níhìn-ín, ilé-ìwòsàn ńlá UNTH ti kó kúrò láàárín ìlú lọ sí Ituku-Ozalla láti 2007. Kí olúkúlùkù mọ ọ̀nà ilé-ìwòsàn tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹbí wa jìnnà. Ta ni yóò fún ọmọ lẹ́jẹ̀ lóru? Àwa náà ni. A dábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Kí Olódùmarè dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.